Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù-fóòtì (eV)

Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù-fóòtì, tí wọ́n máa ń kọ ní eV, ni wọ́n fi ń wọn agbára átọ́ọ̀mù àti àwọn nǹkan tó wà nínú ẹ̀. Tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù (ọ̀kan lára àwọn nǹkan tíntín tó wà nínú átọ́ọ̀mù) kan ṣoṣo bá gba ibi tí iná fóòtì kan wà kọjá, agbára tó máa rí níbẹ̀ ni 1 eV. Ẹ wo bátìrì tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń tà ní Takie l'Ógbòmọ̀ṣọ́, 1.5V ni wọ́n kọ sí i lára, ìyẹn ni pé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan tó bá gba wáyà láti ìdí bátìrì yẹn lọ sórí ẹ̀ máa gbé agbára 1.5 eV fún gílóòbù.

Júùlù ni òṣùwọ̀n agbára tí gbogbo ayé ń lò, àmọ́ ó ti tóbi jù fún iṣẹ́ yìí, torí 1 eV ò ju 1.602176634 × 10⁻¹⁹ júùlù lọ (ọdún 2019 ni wọ́n fìdí nọ́ńbà yẹn múlẹ̀, kò ní yí mọ́).

Ìmọ́lẹ̀ tójú ń rí ò jìnnà sí 2 tàbí 3 eV. Ẹgbẹ̀rún eV ni keV, òun ni ti ẹ́síréè: tí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ ọsibítù sí 80 kV (ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin fóòtì) láti ya àyà èèyàn, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù inú ẹ̀ á fi 80 keV gbá irin, ìtànṣán tó bá sì jáde níbẹ̀ ò lè ju 80 keV lọ láéláé.

MeV, ìyẹn mílíọ̀nù kan eV, ló wá ṣe pàtàkì jù fún agbára nuclear. Átọ́ọ̀mù carbon kan tó bá jóná nínú èédú tí wọ́n fi ń sebẹ̀, nǹkan bíi 4 eV ló ń mú jáde, àmọ́ átọ́ọ̀mù uranium-235 (irin tí wọ́n fi ń ṣe iná nuclear) kan tó bá pín sí méjì ń mú nǹkan bíi 200 MeV wá, ìlọ́po bí àádọ́ta mílíọ̀nù nìyẹn! Kí ẹni tó ń ka físíìsì ní LAUTECH ṣáà ṣọ́ lẹ́tà iwájú yẹn dáadáa o, torí meV tó ní m kékeré, ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún eV ni.

Wọ́n tún ń fi eV wọn ìwúwo, nítorí E = mc² ti Einstein (E ni agbára, m ni ìwúwo, c ni eré ìmọ́lẹ̀): ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù jẹ́ 0.511 MeV/c², prótọ́ọ̀nù, tóun náà wà nínú átọ́ọ̀mù, jẹ́ 938.27 MeV/c². Higgs boson, nǹkan tíntín kan tí wọ́n rí ní CERN (ibi ìwádìí físíìsì ní Yúróòpù) lọ́dún 2012, tó nǹkan bíi 125 GeV/c², G yẹn dúró fún bílíọ̀nù. Láti 2022, agbára tí prótọ́ọ̀nù méjì fi ń kọlu ara wọn nínú LHC, ẹ̀rọ ńlá tó wà ní CERN, ti dé 13.6 TeV, ìyẹn tírílíọ̀nù mẹ́tàlá àti díẹ̀ eV, síbẹ̀ tí wọ́n bá yí i sí júùlù kò ju 0.0000022 lọ, ohun tó mú kó le tó bẹ́ẹ̀ ni pé ara prótọ́ọ̀nù méjì péré ni gbogbo ẹ̀ kó sí.