Ọjọ́ 3 tó di ọ̀sẹ̀ 6: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ọ́fíìsì tó ń kó lọ

Ilé-iṣẹ́ kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń bá dòwò pọ̀ ní Òṣogbo lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ ní Òkè-Fíà láìpẹ́ yìí pé òun ń kó lọ sí ojú ọ̀nà Gbọ̀ngán, àti pé láàárín ọjọ́ 3, òun yóò ti máa dá àwọn oníbàárà lóhùn níbẹ̀. Ọjọ́ 3 pé, ìwé mìíràn ni a bá lórí ilẹ̀kùn: ọ̀sẹ̀ 2. Ìwé kẹta kò tiẹ̀ dárúkọ ọjọ́ mọ́. Ó kàn bẹ̀ wá kí a ní sùúrù. Odindi ọ̀sẹ̀ 6 ló gbà kí ilẹ̀kùn tuntun tó ṣí. Kí ó tó ṣí, àwọn kan ti ń sọ kiri pé gbèsè ló lé wọn kúrò, àwọn mìíràn ní wọ́n ti kó owó olówó sá lọ, bẹ́ẹ̀ kò sí èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú méjèèjì. A kò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ náà, nítorí pé àṣìṣe tí wọ́n ṣe kì í ṣe tiwọn nìkan: ọjọ́ tí ọkọ̀ yóò kó ẹrù ni wọ́n kà, wọn kò ka ọjọ́ tí iṣẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀. Àwọn ohun tí ẹ bi wá léèrè nìwọ̀nyí.

Ṣé kíkó ẹrù láti Òkè-Fíà dé ojú ọ̀nà Gbọ̀ngán lè gba ọ̀sẹ̀ 6?

Rárá o. Ẹrù ọ́fíìsì oníyàrá márùn-ún kì í gbà ju ọjọ́ kan tàbí méjì lọ, bí ọkọ̀ akẹ́rù kò bá bàjẹ́ lójú ọ̀nà.

Kí ló wá jẹ ọjọ́ tó kù?

Dídúró de ara ẹni ni. Bí iṣẹ́ bá jẹ́ mẹ́wàá, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò sì gbà ju ọjọ́ méjì lọ, ẹni tó ń fọkàn ṣírò lè rò pé òṣìṣẹ́ mẹ́wàá yóò ṣe é pọ̀, kí gbogbo rẹ̀ sì parí ní ọjọ́ méjì. Iṣẹ́ ọ́fíìsì kì í tò bẹ́ẹ̀. Onílé gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kí kọ́kọ́rọ́ tó dé ọwọ́ yín. Kọ́kọ́rọ́ gbọ́dọ̀ dé kí oníná tó wọlé wo waya. Oníná gbọ́dọ̀ la ògiri kí bíríkìlà tó dí i. Ohun tí bíríkìlà fi dí i gbọ́dọ̀ gbẹ kí akunlé tó fọwọ́ kàn án. Ọ̀dà gbọ́dọ̀ gbẹ kí káfíńtà tó kan kọ́ńtà. Orí kọ́ńtà náà sì ni ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì yóò jókòó sí. Àwọn iṣẹ́ tó fara kọ́ra wọn báyìí ló ń sọ bí ìkólọ yóò ti pẹ́ tó, kì í ṣe iye ẹrù tó wà nílẹ̀. Bí oníná bá fi ọ̀sẹ̀ kan pẹ́, gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti fi ọ̀sẹ̀ kan pẹ́, kódà bí wọ́n bá ń jí dé ibi iṣẹ́ kí àkùkọ tó kọ. Ó tún ku ibi kan tó le: káfíńtà tí ẹ bá yí ọjọ́ rẹ̀ padà kì í jókòó dè yín. Yóò gba iṣẹ́ ẹlòmíràn, ẹ̀yin ni ẹ ó sì wá máa dúró dè é.

Èwo ló máa ń pẹ́ jù nínú wọn?

Èyí tí kò sí níkàáwọ́ yín, iná àti íntánẹ́ẹ̀tì ló sì ṣáájú. Mítà kì í ṣe ẹrù. Ilé ló ni ín, kì í bá ayálégbé lọ. Kí ẹ tó sanwó ilé, ẹ ra iná díẹ̀ sórí mítà tó wà níbẹ̀, kí ẹ lè mọ̀ bóyá ẹni tó kó jáde fi gbèsè sílẹ̀ lórí rẹ̀, nítorí pé àríyànjiyàn lórí gbèsè ẹlòmíràn lè gba ọjọ́ tó ju èyí tí ẹ fi kun ilé lọ. Ẹ bèèrè bákan náà bóyá fésì kan tàbí mẹ́ta ló wọlé; ẹ̀rọ amúlétutù márùn-ún lórí fésì kan jẹ́ àdúrà tí kì í gbà. Pé ibùdó tí wọ́n ti ń darí iná mànàmáná gbogbo Nàìjíríà wà ní Òṣogbo kò ní kí oníná tètè dé ọ̀dọ̀ yín.

Kí ló dé tí àwọn tó kàwé dáadáa kò fi lè ṣírò ohun tó rọrùn báyìí?

Ìwé kíkà kì í gba èèyàn lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọdún 1979 ni Daniel Kahneman àti Amos Tversky, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ọmọ ènìyàn, ti fún àìsàn yìí lórúkọ: bí a bá ń dá ọjọ́ fún iṣẹ́ ara wa, a máa ń dá a kéré, bí irú iṣẹ́ náà tiẹ̀ ti já wa kulẹ̀ rí. Ní ọdún 1994, àwọn olùwádìí tẹ àbájáde kan jáde láti Kánádà, níbi tí wọ́n ti bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó ń kọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ àṣekágbá léèrè pé ọjọ́ mélòó ni wọn yóò fi parí rẹ̀. Ìdáhùn wọn, bí a bá pín in dọ́gba, jẹ́ ọjọ́ 33.9. Wọ́n tún bi wọ́n pé bí gbogbo nǹkan bá dojú rú pátápátá ńkọ́? Wọ́n ní ọjọ́ 48.6. Ọjọ́ 55.5 ni wọ́n fi parí rẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un kà: ìdojúrú tí wọ́n fọkàn rò kò tó ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ayé. Ìdí rẹ̀ ni pé nígbà tí a bá ń ṣètò, ìtàn bí iṣẹ́ yóò ṣe lọ geere la máa ń sọ fún ara wa, ẹnu sì dùn ún ròfọ́. A kì í rántí tẹ̀yìn. Bí a bá sì rántí, a ó ní tìyẹn yàtọ̀, òjò ló pa á lára, káfíńtà yẹn ni kò dára. Ìyẹn ni ẹni tó gbọ́n fi ń bi ìbéèrè mìíràn. Kò ní bèèrè pé “báwo ni tiwa yóò ṣe lọ?” Yóò wọ ọ́fíìsì mẹ́ta tó kó wá sí àdúgbò náà, yóò ní kí wọ́n sọ ọjọ́ tí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ àti ọjọ́ tí iṣẹ́ wọn padà bọ̀ sípò.

Ṣé ìjọba náà máa ń ṣe irú àṣìṣe yìí?

Oṣù Kejì ọdún 1976 ni òfin ti jáde pé kí olú ìlú Nàìjíríà kúrò ní Èkó lọ sí Àbújá; ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991 ni ìjọba tó kó dé ibẹ̀.

Báwo ni kí a ṣe ṣírò tiwa?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, láti ọjọ́ tí oníbàárà àkọ́kọ́ yóò wọlé, tí yóò sì gba ohun tó bá wá láìsí àwáwí. Ẹ máa bi ara yín pé kí ni ó gbọ́dọ̀ ti parí kí èyí tó lè ṣẹlẹ̀, títí ẹ ó fi padà dé ọ̀dọ̀ onílé. Fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ iye mẹ́ta sílẹ̀: bí ó bá yá, bí ó ṣe sábà máa ń rí, àti bí ó bá burú. Àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ló gbé ìlànà yìí jáde ní ọdún 1958. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá lè gba ọ̀sẹ̀ 2 nígbà tó bá yá, ọ̀sẹ̀ 4 nígbà púpọ̀, àti ọ̀sẹ̀ 12 nígbà tó bá burú, ẹ sọ 4 di ìlọ́po mẹ́rin, ó di 16; ẹ ro 2 àti 12 mọ́ ọn, ó di 30; ẹ fi 6 pín in, ọ̀sẹ̀ 5 ni ẹ ó kọ sínú ètò. Ẹni tó bá purọ́ fún ìṣirò yìí nípa èyí tó burú, ìṣirò náà yóò purọ́ fún un padà.

Ní tèmi, ọ́fíìsì oníyàrá márùn-ún tó bá ní àtúnṣe waya àti ọ̀dà, n kò ní dá a lábẹ́ oṣù méjì láti ọjọ́ tí a sanwó ilé. Bí ó bá yá jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sẹ́ni tí yóò bínú. Ẹ má sì tètè dá kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ padà; owó ilé oṣù kan lórí ilé méjì kò tó ohun tí ẹ ó pàdánù bí oníbàárà bá bá ilẹ̀kùn méjèèjì ní títì.

Ṣé bí a bá wá òṣìṣẹ́ púpọ̀ sí i, kò ní yá?

Alábàárù, yóò yá. Ọ̀dà kò mọ iye èèyàn tó dúró tì í, símẹ́ǹtì tuntun sì máa ń fẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 28 kí ó tó gbó dáadáa, ọ̀gá wà níbẹ̀ tàbí kò sí níbẹ̀.

Ẹrù wo ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀ jù?

Èyí tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀n. Ní ọ́fíìsì kan tí èmi náà ti ṣiṣẹ́ rí, ọkùnrin mẹ́fà gbé tábìlì ọ̀gá àgbà, igi ọ̀gánwó gidi, gun àtẹ̀gùn lọ sí òkè kejì. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu yàrá, tábìlì fi ìka mẹ́rin fẹ̀ ju ilẹ̀kùn lọ. Wọ́n dà á ní ẹ̀gbẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ férémù. Wọ́n ní kí wọ́n tú ẹsẹ̀ náà, wọ́n rí i pé gọ́ọ̀mù àti ìṣó ni káfíńtà fi dè é, kò lo síkúrù kankan. Tábìlì sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi ayùn kan tábìlì òun, nítorí náà férémù ilẹ̀kùn ni wọ́n gé. Ilẹ̀kùn kò ṣeé tì mọ́. A kò lè fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ mọ́jú nínú yàrá tí kò ṣeé tì, àwọn kọ̀ǹpútà bá padà sínú páálí títí férémù tuntun fi dé. Ìka mẹ́rin gba ọjọ́ 5.

Nípa àwọn yòókù: ẹ jẹ́ kí fíríìjì dúró fún wákàtí mélòó kan kí ẹ tó tàn án, ẹ má dà bátìrì inverter olómi ní ẹ̀gbẹ́, nítorí ásíìdì, ẹni tó mọ iṣẹ́ gáàsì ni kí ó tú ẹ̀rọ amúlétutù, kì í ṣe alábàárù.

Ìgbà wo ló dára láti kó ní Òṣogbo?

Ìgbà ẹ̀rùn, nítorí òjò kì í jẹ́ kí ògiri tètè gbẹ. Bí ó bá sì bọ́ sí oṣù Kẹjọ, ẹ yẹra fún ọjọ́ àṣekágbá Ọdún Ọ̀ṣun Òṣogbo: ọkọ̀ akẹ́rù tó bá fẹ́ gba Ọjà Ọba kọjá lọ́jọ́ tí Arugbá ń lọ sí ojúbọ yóò wòran ni.

Ṣé òfin ní ohun kan láti sọ?

Ó ní. Òfin ilé-iṣẹ́ ti ọdún 2020 sọ pé ilé-iṣẹ́ tó bá yí àdírẹ́sì tó fi forúkọ sílẹ̀ padà gbọ́dọ̀ sọ fún CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, láàárín ọjọ́ 14. Báńkì kò sì lè ti ẹ̀ka rẹ̀ pa tàbí kí ó ṣí tuntun láìjẹ́ pé Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà fọwọ́ sí i, nítorí náà bí báńkì yín bá ń pẹ́ ju ti aránṣọ yín lọ, ẹ mọ ìdí.

Èmi oníbàárà, ṣé kí n máa bẹ̀rù?

Ẹ má bẹ̀rù ìpẹ́. Ẹ ṣọ́ra fún àtẹ̀jíṣẹ́. Ìgbà tí ọ́fíìsì bá ń kó lọ ni àwọn oníjìbìtì máa ń ráyè, tí wọn yóò kọ̀wé lórúkọ ilé-iṣẹ́ náà pé “a ti kó lọ, nọ́ńbà àkáǹtì wa náà sì ti yí padà.” Kò sí ohun tó kan àkáǹtì nínú ọ̀rọ̀ àdírẹ́sì. Bí ẹ bá rí irú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹ má pe nọ́ńbà tó wà nínú rẹ̀. Èyí tí ẹ ti ní lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ pè, tàbí kí ẹ fẹsẹ̀ yín rìn débẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ náà bá sì ń gba àsansílẹ̀, ẹ tọ́jú rìsíìtì.

Kí ni kí a wá kọ lẹ ilẹ̀kùn bí ó bá kàn wá?

Ọjọ́ méjì: ọjọ́ tí ẹ ó kúrò, àti ọjọ́ tó pẹ́ jù tí ẹ ó fi ṣí, tí ẹ ti fi ìṣirò òkè yìí dá. Ẹ fi nọ́ńbà fóònù kan sí i, kí ẹ sì fa fóònù náà lé ẹni tí kò ní máa gbé páálí lọ́wọ́.