Ìkọ́ni ní ààbò Wi-Fi nípasẹ̀ ìdánrawò

Ìkọ́ni ní ààbò Wi-Fi nípasẹ̀ ìdánrawò ni kí akẹ́kọ̀ọ́ fọwọ́ ara rẹ̀ to nẹ́tíwọ́ọ̀kì aláìlówáyà kan, kí ó gbìyànjú láti já ààbò rẹ̀, kí ó sì tún un ṣe. Ní Ìbàdàn, àpẹẹrẹ rẹ̀ kò jìnnà: ní Agbowó, tó dojú kọ ẹnu ọ̀nà Yunifásítì Ìbàdàn, ilé akẹ́kọ̀ọ́ fara ti ara wọn débi pé fóònù kan lè rí Wi-Fi ilé mẹ́ta mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà.

Ráútà àlòkù kan, kọ̀ǹpútà alágbèéká méjì àti ẹ̀rọ Wi-Fi kékeré tí a ń kì bọ ojú USB ti tó. Ọ̀fẹ́ ni Wireshark, ètò tó ń fi ohun tó ń kọjá lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì hàn, àti aircrack-ng, ètò tí a fi ń dán ààbò Wi-Fi wò. Ọ̀pọ̀ ráútà kékeré ló ń lo iná fóòtì 12, bátìrì sì lè gbé e dé òpin iṣẹ́ bí wọ́n bá mú iná lọ.

WEP, ọ̀nà ààbò Wi-Fi àkọ́kọ́, tó jáde ní 1997, ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà tó ń fi kún kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ fún páàkẹ́ẹ̀tì (ègé dátà tí a ń fi ránṣẹ́) kọ̀ọ̀kan kò ju bíìtì 24 lọ, ìyẹn oríṣi 16,777,216, nítorí náà dandan ni kó padà tún ọ̀kan lò. Ní 2001, àwọn olùwádìí Fluhrer, Mantin àti Shamir fi àbùkù mìíràn hàn nínú bí WEP ṣe ń lo RC4, ọ̀nà ìṣirò tó fi ń sọ ọ̀rọ̀ di àṣírí. Ní 2007, àwọn olùwádìí ní Darmstadt, Jámánì, fi hàn pé páàkẹ́ẹ̀tì bí 40,000 lè tú kọ́kọ́rọ́ oníbíìtì 104, bíi lẹ́ẹ̀kan nínú ìgbà méjì.

WPA2 (2004), ọ̀nà ààbò tó dé lẹ́yìn WEP, ni ìdánrawò tó kọ́ni jù, bóyá nítorí pé òun ló ṣì wà nínú ọ̀pọ̀ ilé. Akẹ́kọ̀ọ́ á fi “ibadan123” ṣe pásíwọ́ọ̀dù ráútà, á já fóònù ara rẹ̀ kúrò lórí rẹ̀, á tún un so, á sì gba àtẹ̀ránṣẹ́ mẹ́rin tí fóònù àti ráútà fi ń dá ara wọn mọ̀. Lẹ́yìn náà, kọ̀ǹpútà á máa fi àkójọ ọ̀rọ̀ dán an wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbà 4,096 ló ń tún ìṣirò ṣe lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Irú àkójọ tí a lò ṣe kókó. Ọ̀rọ̀ àti orúkọ Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ jù nínú àwọn tó wọ́pọ̀, nítorí náà “olorunsogo2004” lè yè é, kí akẹ́kọ̀ọ́ sì rò pé ó lágbára. Kí olùkọ́ fi orúkọ Yorùbá, orúkọ àdúgbò àti ọdún ìbí kún un, pásíwọ́ọ̀dù náà lè má pẹ́ kó tó já.

KRACK, ìkọlù sí WPA2 tí olùwádìí Mathy Vanhoef kéde ní 2017, àti WPA3, ọ̀nà ààbò tó tẹ̀lé WPA2, tó dé ní 2018, sábà máa ń gba àlàyé ju ìdánrawò lọ.

Òfin Nàìjíríà lórí ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà (2015) ka wíwọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ẹlòmíràn láìgbàṣẹ sí ẹ̀ṣẹ̀, bẹ́ẹ̀ ògiri kì í dá Wi-Fi dúró. Ó yẹ kí wọ́n dín agbára ráútà kù, kí wọ́n sì kọ àdírẹ́sì MAC rẹ̀ (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀rọ náà) sójú pátákó: òun nìkan ni akẹ́kọ̀ọ́ lè dojú kọ.