Owó Orí Ilẹ̀: Bí Àríyànjiyàn Rẹ̀ Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Ní 1817, David Ricardo, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ní Britain, kọ ọ́ pé owó tí onílẹ̀ ń gbà lọ́wọ́ àgbẹ̀ kì í ṣe èrè iṣẹ́ onílẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ohun tí ilẹ̀ ọlọ́ràá ń mú jáde àti ti ilẹ̀ tó ṣá jù lọ tí wọ́n ṣì ń dáko sí ni. John Stuart Mill, onímọ̀ ọrọ̀ ajé bíi tirẹ̀, tẹ̀ lé e: kí ìjọba díye lé gbogbo ilẹ̀ lónìí, kí owó orí wà lórí èyí tó bá lé láti ọ̀la lọ. Henry George, akọ̀ròyìn ní San Francisco, kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní 1879 ó ní àwùjọ ló ń sọ ilẹ̀ di ọ̀wọ́n, nítorí náà kí ìjọba gba owó ilẹ̀, kí wọ́n fagi lé owó orí yòókù, kí wọ́n má sì san gbà-má-bínú fún onílẹ̀ kankan.

Ẹ wo púlọ́ọ̀tì méjì tó fara kanra, £1,000 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ilé £3,000 wà lórí ọ̀kan, koríko ló wà lórí èkejì. Tí owó orí bá jẹ́ 1 nínú 100 lórí ilẹ̀ àti ilé pọ̀, onílé á san £40, oníkoríko á san £10. Tí ó bá jẹ́ 4 nínú 100 lórí ilẹ̀ nìkan, £40 ni kálukú wọn á san. Onílẹ̀ kò lè ti ẹrù náà sórí ayálégbé, nítorí owó orí kì í dín ilẹ̀ kù, iye tí agbára ayálégbé ká ló sì ti ń gbà tẹ́lẹ̀.

Alfred Marshall, onímọ̀ ọrọ̀ ajé, ko George lójú ní Oxford ní 1884. Ní 1890, ní Saratoga ní Amẹ́ríkà, Edwin Seligman, onímọ̀ ọrọ̀ ajé mìíràn, bi í pé ṣé ilẹ̀ nìkan ni àwùjọ ń sọ di ọ̀wọ́n ni? Àwọn mìíràn béèrè pé ẹni tó fi owó òógùn rẹ̀ ra ilẹ̀ lánàá ńkọ́? Ìbéèrè yìí ló wúwo jù lójú tiwa, George kò sì dáhùn rẹ̀ tẹ́ni lọ́rùn.

Ṣùgbọ́n dídíye lé ilẹ̀ ló pa èrò yìí ní Britain. Òfin tí Lloyd George, mínísítà ètò ìnáwó Britain, gbé kalẹ̀ ní 1909, tó sì di òfin ní 1910, gba 20 nínú 100 lórí iye tó bá lé nígbà tí wọ́n bá ta ilẹ̀ tàbí tí onílẹ̀ bá kú. Wọ́n fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí onílẹ̀ gbogbo. Ẹni tí kò bá dá a padà lè san ìtanràn £50. Oríṣi iye mẹ́rin ni òfin ní kí wọ́n wá fún ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan, bó ṣe wà ní 30 oṣù kẹrin 1909. Nínú wọn ni iye tí ilẹ̀ náà ìbá ní ká ní kò sí ilé tàbí igi lórí rẹ̀. Láàárín ìgboro tó ti kún, ta ló ń ta ilẹ̀ òfìfo tí wọn ìbá fi wé e? Ẹjọ́ gba ilé ẹjọ́. Owó tí wọ́n ná lórí iṣẹ́ náà ju èyí tó wọlé lọ, wọ́n sì fagi lé e ní 1920.

Òfin Land Use Charge (owó orí lórí ilẹ̀ àti ilé) ti Èkó ní 2001 gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n fi ìwọ̀n ilẹ̀ sọ iye mítà onígun mẹ́rin kan ní àdúgbò náà di púpọ̀. Wọ́n ṣe ti ilé bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú òṣùwọ̀n irú ilé tó jẹ́. Wọ́n pa méjèèjì pọ̀, wọ́n sì gba ìdá tí òfin sọ lọ́dọọdún. Púlọ́ọ̀tì tí wọ́n fi odi yí ká, tí kò sí ilé nínú rẹ̀, òdo ni apá kejì ìṣirò náà fún un.