Ta Ni Wọ́n Ń Kà? Ìpilẹ̀ṣẹ̀ Àríyànjiyàn Orí Iye Dẹ́lígéètì

Láàárọ̀ ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà ọdún 2022, ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan ní Nyanya, lẹ́bàá Àbújá, kún fọ́fọ́. Iná ò sí, jẹnẹrétọ̀ ń pariwo, ojú gbogbo wa wà lára tẹlifíṣọ̀n. Ní Eagle Square, wọ́n ń ka ìbò tí àwọn dẹ́lígéètì, ìyẹn àwọn aṣojú ẹgbẹ́, dì láti yan ẹni tí yóò du ipò ààrẹ fún APC, wọ́n ń pe orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá ará Ọ̀fà kan jókòó sẹ́bàá ògiri, ó ń fa ìlà sínú ìwé iléèwé ọmọ rẹ̀: ìlà mẹ́rin, ìkarùn-ún á dábùú wọn. Láti òru ló ti ń sọ pé Tinúbú ò ní dín ní 1,200. Onígbàjámọ̀, ọmọ Òṣogbo, ò gbà.

"Bàbá, níbo lẹ ti rí iye yẹn?"

"Jẹ́ n ka ìlà mi, má jẹ́ n ṣì í."

Ìjà yìí ti wà kí wọ́n tó bí baba tó bí bàbá náà. Nígbà kan ní Amẹ́ríkà, àwọn aṣòfin ló máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́rí, tí wọ́n á fa ẹni tí yóò du ipò ààrẹ kalẹ̀. Ní 1831, ẹgbẹ́ òṣèlú kan tó kórìíra àwọn Fírímésìn, ẹgbẹ́ awo kan, kó aṣojú jọ láti oríṣiríṣi ìpínlẹ̀ sí Baltimore, wọ́n ní àwọn wọ̀nyẹn ni kó yan olùdíje. Kò pẹ́ táwọn ẹgbẹ́ ńlá fi tẹ̀ lé wọn. Bí aṣojú ṣe dé ni ìbéèrè dé: ta ló rán ọ wá? Ní Chicago lọ́dún 1912, nígbà tí Ààrẹ Taft àti Roosevelt tó ti ṣe ààrẹ rí jọ ń du tíkẹ́ẹ̀tì Republican, ìjókòó 254 ni wọ́n ń fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ìgbìmọ̀ tó wà lẹ́yìn Taft fún un ní 235, wọ́n ju 19 sí Roosevelt. Roosevelt bínú jáde, ó lọ dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó ṣi ìṣirò níbẹ̀ o. Àwọn tí wọ́n kà gan-an ni wàhálà.

Nílé wa níbí, mi ò lè fo ọdún 1979, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdìbò gbogbogbòò ni ìyẹn, kì í ṣe ti abẹ́lé. Òfin ní ẹni tó bá máa wọlé gbọ́dọ̀ rí ìbò tó tó ní ìdá méjì nínú mẹ́ta ìpínlẹ̀ 19. Ọdún yẹn ni Richard Akínjídé, agbẹjọ́rò Shagari, dúró lé e pé ìyẹn jẹ́ méjìlá àti ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Shagari ló wọlé. Àwọn àgbà ilé wa ò tíì gbàgbé.

Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ń wá ibi tí tiwa ti fìdí múlẹ̀, Jọ́ọ̀sì ni kẹ́ ẹ lọ. Ní 1992, Babangida, olórí ìjọba ológun, fagi lé ìdìbò abẹ́lé SDP àti NRC, ẹgbẹ́ òṣèlú méjì tó wà nígbà náà, ó sì fòfin de àwọn olùdíje 23, Shehu Musa Yar'Adua wà nínú wọn. Wọ́n wá gbé Option A4 dé: wọ́ọ̀dù lo ti máa bẹ̀rẹ̀, wàá yege ní ìjọba ìbílẹ̀, wàá yege ní ìpínlẹ̀, kó o tó dé kọnfẹ́ǹṣàn. Ìparí oṣù Kẹta 1993 ni SDP pàdé ní Jọ́ọ̀sì. Abíọ́lá ní 3,617. Kingibe, tó ti ṣe alága ẹgbẹ́ rí, ní 3,255. Atiku, ọmọ ẹ̀yìn Yar'Adua, ní 2,066. Kò sẹ́ni tó ní ìdajì, wọ́n gbọ́dọ̀ tún un dì.

Ìyàtọ̀ àárín Abíọ́lá àti Kingibe ò ju 362 lọ. Lójijì, ẹni tó ṣe ìkẹta di ẹni tí gbogbo èèyàn ń wá ojú rere rẹ̀. Ìbò tí wọ́n ti kà kọ́ ni wọ́n ń jà lé lórí mọ́, èyí tí wọn ò tíì kà ni. Atiku gbé tirẹ̀ sílẹ̀ fún Abíọ́lá, Abíọ́lá borí, nígbà tó sì yá, Kingibe náà ló mú ṣe igbákejì.

A kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ, àmọ́ olóṣèlú ò mọ èèwọ̀ yẹn. "Mo ní Kano, mo ní Rivers," bí ẹni ń ka iṣu inú abà rẹ̀.

Àwọn ọdún kan wà tí kò sí nǹkan tí èèyàn fẹ́ jiyàn lé. Nínú ìdìbò abẹ́lé PDP, ní Jọ́ọ̀sì yẹn kan náà ní 1999, Ọbásanjọ́ ní 1,658, Ekwueme ní 521. Ti PDP náà ní Eagle Square ní oṣù Kìíní 2011, Jonathan ní 2,736, Atiku ní 805, Sarah Jibril, ọmọ Kwara, ní ẹyọ kan. A rẹ́rìn-ín títí, a ní òun fúnra rẹ̀ ló dì í.

Òfin ìdìbò tí Buhari buwọ́ lù ní oṣù Kejì 2022 ló tún da ọ̀rọ̀ rú. Abala 84 rántí dẹ́lígéètì tí wọ́n dìbò yàn, ó gbàgbé àwọn tí ipò wọn ti sọ di dẹ́lígéètì: gómìnà, aṣòfin, àwọn ìjòyè ẹgbẹ́. Ilé aṣòfin sáré tún un ṣe ní oṣù Karùn-ún, Buhari ò buwọ́ lù ú. Bí gómìnà tó ń ka àwọn èèyàn rẹ̀ kiri ṣe di ẹni tí wọn ò kà mọ́ nìyẹn. PDP mú ẹnì kan láti ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, APC mú mẹ́ta. Ìjọba ìbílẹ̀ 774 lọ́nà mẹ́ta, ó di 2,322. Ẹ má bi mí léèrè ohun tí wọ́n ń pín. Gbogbo Àbújá ló ń sọ̀rọ̀ dọ́là nígbà yẹn.

Lọ́jọ́ 28 oṣù Karùn-ún, níbi ìdìbò abẹ́lé PDP nínú pápá ìṣeré tí wọ́n fi Abíọ́lá sọ, Tambuwal dìde, ó gbé tirẹ̀ sílẹ̀ fún Atiku. Atiku ní 371, Wike ní 237. Ohun tí Atiku ṣe fún ẹlòmíì ní Jọ́ọ̀sì, wọ́n ṣe é fún un lẹ́yìn ọdún 29. Èèyàn mélòó ni Tambuwal ní gan-an? Ẹ bi awakọ̀ mẹ́ta ní Àbújá, iye mẹ́ta ni wọ́n á sọ, torí wọn ò ka tiẹ̀ rí.

Ní Nyanya, wọ́n kéde: Tinúbú 1,271, Amaechi 316, Ọ̀ṣínbàjò 235. Onígbàjámọ̀ na ọrùn wo ìwé bàbá. 1,266.

"Bàbá, márùn-ún sọnù."

Bàbá fi ìka tọ ìlà náà látòkè, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ìgbà tí wọ́n paná jẹnẹrétọ̀ láti bu epo sí i ni.

Onígbàjámọ̀ ní ìgbà yẹn, Amaechi ni wọ́n ń pè.