Ṣé ohun ìní ni ẹ̀rí ojúrere Ọlọ́run?

Bí ẹnìkan bá ra mọ́tò, tó gbé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wá síwájú pẹpẹ lọ́jọ́ ìdúpẹ́, gbogbo ìjọ á ké Alelúyà. Ìyẹn ò burú. Ọ̀rọ̀ wá wọ́ nígbà tí ẹni tó wọ dáńfó wá sí ìsìn bá ń wo ara rẹ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ wo lòun dá tí Ọlọ́run fi gbàgbé òun.

Ẹsẹ tí wọ́n sábà máa ń fi ti èrò pé ohun ìní ni ẹ̀rí ojúrere Ọlọ́run lẹ́yìn ni 3 Jòhánù 2, níbi tí Jòhánù ti gbàdúrà pé kí ohun gbogbo máa dára fún Gáíúsì, kó sì wà ní ìlera. Ìkíni ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́tà ni! Bí àwa náà ṣe máa ń kọ ọ́ nìyẹn: "Mo lérò pé ìwé yìí yóò bá ọ láyọ̀ àti àlàáfíà." Ta ló ń sọ ìyẹn di ìlérí owó?

Nínú Lúùkù 12, ọkùnrin kan ní kí Jésù bá òun sọ fún arákùnrin òun kó pín ogún fún òun. (Ẹni tó bá mọ ohun tí ogún ń dá sílẹ̀ láàárín ọmọ ìyá á mọ̀ pé ilé ti gbóná kí ẹjọ́ tó dé ìta.) Jésù ò dá sí i. Ó ní kí wọ́n ṣọ́ra fún ojúkòkòrò, pé ọ̀pọ̀ ohun tí èèyàn ní kọ́ ni ẹ̀mí rẹ̀. Ló bá sọ ìtàn ọlọ́rọ̀ tó fẹ́ wó àká rẹ̀ kó lè kọ́ èyí tó tóbi jù ú lọ. Ẹ gbọ́ ẹnu ọkùnrin náà: àká mi, irè oko mi, ọkàn mi. Kò dárúkọ aya, kò dárúkọ aládùúgbò. Ọlọ́run ní lóru ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n máa gba ẹ̀mí rẹ̀. Ta ni yóò wá ni gbogbo ohun tó kó jọ? Ọ̀rọ̀ ogún mà tún dé.

Mi ò sọ pé ìṣẹ́ ni ìwà mímọ́ o. Ọlọ́rọ̀ ni Jósẹ́fù ará Arimatíà, inú ibojì tó gbẹ́ fún ara rẹ̀ ló sì tẹ́ òkú Jésù sí.

Àwọn àgbà ní owó là ń wá lọ tí a fi pàdé iyì lọ́nà. Bí a bá rówó ọ̀hún tán, iyì náà la ó fi rà. Lọ́dún 1928, Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ẹni tó wá di wòlíì ìjọ CAC, ń wa ẹ̀rọ tó ń tẹ títì fún ìjọba, iṣẹ́ olówó oṣù. Ó fi í sílẹ̀ nítorí ìpè Ọlọ́run. Nígbà ìsọjí ńlá tó ṣe ní Òkè-Ooyè ní Iléṣà lọ́dún 1930, ta ló ń bi í léèrè iye tí wọ́n ń san fún un tẹ́lẹ̀?

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìjọ yín ti gba irọ́ yìí gbọ́, Jákọ́bù 2, níbi tí wọ́n ti fún olówó ní àga iyì tí wọ́n sì ní kí tálákà dúró, ti fi ibi tí ẹ máa wò hàn yín: àga. Ẹ wo ẹni tí wọ́n ń gbé dìde níwájú nígbà tí olówó tó pẹ́ dé bá wọlé.