Ṣé òótọ́ ni pé èèyàn ò lè fi nǹkan tirẹ̀ kún software orí cloud?

Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń fi software orí cloud (èyí tó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ ẹni tó ni ín, tí à ń lò láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì) ta ọjà tàbí ṣírò owó ló gbà pé bí wọ́n ṣe bá a náà ni wọn yóò ṣe máa lò ó títí. Àwọn mìíràn ní a lè fi nǹkan kún un lóòótọ́, àmọ́ ọjọ́ tí update bá dé, gbogbo rẹ̀ á bàjẹ́. Ibì kan náà lèrò méjèèjì ti wá: wọ́n rò pé dandan ni kí a tú inú software náà, kí a sì yí kóòdù ẹni tó ni ín padà.

Mi ò bá wọn wí, torí bí a ṣe ń ṣe é nígbà kan nìyẹn. Lórí Microsoft Dynamics NAV, software tí ilé-iṣẹ́ fi ń ṣírò owó àti ọjà, olùṣètò kọ̀ǹpútà á ṣí kóòdù Microsoft, á sì kọ tirẹ̀ sáàárín rẹ̀. Bí ẹ̀dà tuntun bá jáde, ó di kí wọ́n máa fi ti àtijọ́ wé tuntun ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ìnira yìí ló mú kí àwọn mìíràn kọ̀ láti kúrò lórí ẹ̀dà àtijọ́.

Business Central tó rọ́pò NAV lórí cloud ò gba irú èyí. Ẹ lè ka kóòdù Microsoft, àmọ́ ẹ ò lè fọwọ́ kàn án. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lẹ ó kọ tiyín sí, ní AL, èdè tí wọ́n fi ń kọ kóòdù fún un. Ká ní ẹ ò fẹ́ kí wọ́n tajà fún oníbàárà tí ọjọ́ ti kọjá lórí ìwé àṣẹ rẹ̀. Ẹ ó kọ́kọ́ fi àyè kan tí wọ́n á máa kọ ọjọ́ náà sí kún àkọsílẹ̀ oníbàárà. Lójú ẹni tó ń lò ó, ọ̀kan náà ni wọ́n, ṣùgbọ́n tábìlì ọ̀tọ̀ ni ọjọ́ yẹn ń gbé. Kí ètò náà tó fi ọjà títà wọ ìwé, ó máa ń kéde: OnBeforePostSalesDoc. Kóòdù yín á gbọ́ ìkéde yẹn, á yẹ ọjọ́ wò, á sì dá a dúró bí ó bá yẹ. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni update ńlá ń dé, ní oṣù kẹrin àti oṣù kẹwàá. Bí ìkéde náà bá ṣì wà bó ṣe wà, iṣẹ́ yín ò ní yẹ̀. Bí kò bá sì sí ìkéde níbi tí ẹ fẹ́, ẹ lè bẹ Microsoft fún un lórí GitHub, ìkànnì tí àwọn olùṣètò ti ń pín kóòdù.

Ààlà wà o. Lórí Salesforce, software orí cloud mìíràn tí wọ́n fi ń bójú tó oníbàárà àti ọjà títà, ilé-iṣẹ́ púpọ̀ ló jọ ń lo ẹ̀rọ kan náà, torí náà kóòdù Apex, èdè tí wọ́n fi ń kọ tiwọn kún un, ò gbọdọ̀ bi dátábéèsì (ibi tí àkọsílẹ̀ wà) ní ìbéèrè tó ju 100 lọ nínú iṣẹ́ kan tó ń lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó ń bi í léèrè lẹ́ẹ̀kan fún àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan á rí i pé ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí mẹ́wàá. Ọjọ́ tí 200 bá wọlé pọ̀, ó dúró gbagidi. Kóòdù náà ò sì lè dé ibi iṣẹ́ gidi láìjẹ́ pé àyẹ̀wò ti dé ó kéré tán ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀.

Microsoft àti Salesforce náà a máa pa ìkéde tàbí ọ̀nà àtijọ́ rẹ́, wọ́n sì sábà máa ń kìlọ̀ ṣáájú. Nítorí náà, ẹ yan ẹnì kan tí yóò máa ka ìkìlọ̀ wọ̀nyí, tí yóò sì dán iṣẹ́ yín wò nínú sandbox, ìyẹn ẹ̀dà ìdánwò tí kò kan iṣẹ́ gidi, kí update tó dé.