Àmọ̀ọ́mọ̀gbẹ̀yìn ló ń jẹ́, ẹ yéé pè é ní àtúnkọ́

Ó ti sú mi. Gbogbo ìgbà tí ọ̀rọ̀ bésíbọ́ọ̀lù bá ti délẹ̀ láàárín àwa Yorùbá tá a ń wo eré yìí, tó wá kan ohun tí àwọn Amẹ́ríkà ń pè ní tanking, ìyẹn kí àwọn tó ni tíìmù mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó gbẹ̀yìn nítorí èrè tó wà níbẹ̀, ẹnì kan á sáré kọ "tánkì", ẹlòmíì á kọ "tánkíìnì", wọ́n á sì máa bọ́rọ̀ lọ bí ẹni pé wọ́n ti ṣàlàyé nǹkan. Tánkì tí àwa mọ̀, orí irin ló máa ń wà lẹ́yìnkùlé, omi ló ń wà nínú ẹ̀. Ẹni tí ò bá ti mọ ohun tí wọ́n ń sọ tẹ́lẹ̀ ò lè rí nǹkan kan dì mú nínú ọ̀rọ̀ yẹn láéláé.

Àwọn tó tiẹ̀ ń bí mi nínú jù ni àwọn tó ń pè é ní "bọ́ọ̀lù títà". Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ba àwọn agbábọ́ọ̀lù lórúkọ jẹ́. Bọ́ọ̀lù títà ni ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan àwọn agbábọ́ọ̀lù Chicago White Sox ti 1919, pé wọ́n gbowó lọ́wọ́ àwọn onítẹ́tẹ́ kí Cincinnati lè fẹ̀yìn wọn gbálẹ̀ nínú World Series, ìdíje tí wọ́n fi ń mọ tíìmù tó gba adé lọ́dún, tí wọ́n fi lé èèyàn mẹ́jọ kúrò nínú eré náà ní 1921. Àwọn tó wà lórí pápá ni wọ́n bá wí nígbà yẹn. Níbi tí tanking bá ti ń ṣẹlẹ̀, agbábọ́ọ̀lù ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ẹ wo Brent Rooker tó gbá fún Oakland ní 2023, Kansas City ti já a sílẹ̀ kí Oakland tó he é, ó gbá home run (bọ́ọ̀lù tó fò kọjá ògiri pápá) 30 lọ́dún yẹn, wọ́n mú un lọ sí All-Star, géèmù àwọn tó dáa jù, nínú tíìmù tó pàdánù géèmù 112! Ṣé ẹni tó ń ta bọ́ọ̀lù nìyẹn? Ọmọ tó ń wá oúnjẹ òòjọ́ ẹ̀ ni, gbogbo bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá jù sí i ló ń gbá bí ẹni tó mọ̀ pé wọ́n lè lé òun padà lọ́la. Ọ́fíìsì lókè lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ń ṣe ohun tá à ń sọ yìí, lórí tábìlì, pẹ̀lú bírò àti kọ̀ǹpútà.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pè é ní àmọ̀ọ́mọ̀gbẹ̀yìn, tí mi ò sì ní yí i padà fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ ẹ̀ṣẹ̀ àmọ̀ọ́mọ̀dá, ẹ̀ṣẹ̀ téèyàn mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni tó tún jókòó tó fara balẹ̀ dá a. Ojú ọ̀nà kan náà ni mo tọ̀. Àwọn kan ní "àmọ̀ọ́mọ̀pàdánù" ló yẹ kí n sọ, mo ní rárá o. Géèmù 162 ló wà nínú sáà kan, tíìmù tó dáa jù lọ náà á pàdánù bí ọgọ́ta nínú ẹ̀, pípàdánù ò ní ìtumọ̀ kankan níbí. Ipò tó wà nísàlẹ̀ pátápátá nígbà tí sáà bá parí, ìyẹn ni wọ́n ń lé kiri, torí ipò yẹn lérè. Ẹnì kan tún ní tíìmù míì lè máa ṣe é kó má gbẹ̀yìn, kó ṣe ipò kẹta láti ìsàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré nìyẹn, mi ò ní dá a lóhùn. Ẹlòmíì ní ó ti gùn jù lẹ́nu. Ẹni tó ń pe amóhùnmáwòrán láìkọsẹ̀ ló wá ń sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ gùn!

Ọ̀tá tí mo ní gan-an ni "àtúnkọ́". Mo mọ ibi tó ti wá, òyìnbó wọn ní rebuild, ẹnì kan sì tú u bó ṣe rí, ó dùn létí, ó ti wá kárí. Àmọ́ ẹ bi ara yín, ta ló kọ́kọ́ sọ pé àtúnkọ́ ni? Àwọn tó ni tíìmù ni. Orúkọ tí ẹni tó ń ṣe nǹkan fún ohun tó ń ṣe lẹ́ ẹ gbé wálé tẹ́ ẹ wá sọ di Yorùbá. Landlọ́ọ̀dù kan ní ilé, tẹ́náǹtì kún inú ẹ̀ bámúbámú. Ó jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ó tú páànù orí ilé, ó tà á. Tó di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ó yọ ilẹ̀kùn, ó yọ fèrèsé, ó fa wáyà iná jáde lára ògiri, gbogbo ẹ̀ ló ń tà. Òjò ń pa àwọn èèyàn nínú yàrá, ó ń gba rẹ́ǹtì, ó tiẹ̀ tún fowó lé e. Tí wọ́n bá bi í, á ní òun fẹ́ tún ilé kọ́ ni, kí wọ́n ṣe sùúrù ọdún márùn-ún. Ẹnì kan ò rí yanrìn, ẹnì kan ò rí sìmẹ́ńtì, owó tó sì pa níbi páànù, àpò ẹ̀ ló wà. Tẹ́ ẹ bá lè wojú àwọn tẹ́náǹtì yẹn kẹ́ ẹ pè é ní àtúnkọ́, ó dáa, a ò jọ ń sọ nǹkan kan náà nìyẹn.

Kí ló wá mú kí gbígbẹ̀yìn lérè? Ẹ ti mọ draft, níbi tí àwọn tíìmù ti ń yan ọmọ tuntun lọ́kọ̀ọ̀kan, tíìmù tó bá ṣe dáadáa jù ló ń mú gbẹ̀yìn, tí èyí tó burú jù sì ń mú ṣíwájú, bó ṣe rí nìyẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọmọ tí wọ́n bá mú níbẹ̀, ọdún mẹ́fà ni wọ́n máa fi lò ó ní líìgì ńlá kó tó lè lọ síbi tó wù ú, ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ owó tí wọ́n ń san fún un ò sì fi bẹ́ẹ̀ ju èyí tó kéré jù tí òfin gbà láyè lọ, $720,000 ni lọ́dún 2023, nígbà tí ẹgbẹ́ ẹ̀ tó ti lómìnira ń gba ọgbọ̀n mílíọ̀nù. Ẹ wá fi ti owó àjọpín kún un. Ìdá 48 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí tíìmù kọ̀ọ̀kan bá pa ládùúgbò ẹ̀ ló ń lọ sínú àpò kan, wọ́n á pín in dọ́gba fún gbogbo tíìmù 30. Owó tẹlifíṣọ̀n gbogboogbò náà, dọ́gba. Ìyẹn ni pé ẹni tó pàdánù 112 máa jẹ nínú owó tí àwọn Yankees ti New York ṣiṣẹ́ fún, kò sì sí ẹni tó máa gbá a mú pé kó fi ra agbábọ́ọ̀lù. Àbí gbá mú náà ṣẹlẹ̀, lọ́dún 2018 ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù fẹjọ́ Oakland, Miami, Pittsburgh àti Tampa Bay sùn lórí bí wọ́n ṣe ń ná owó àjọpín yẹn. Ẹ wo bí ti Oakland ṣe wá rí lẹ́yìn ẹ̀.

Oakland yìí ni mo fẹ́ dúró lé, torí ibẹ̀ lẹ ti máa rí àmọ̀ọ́mọ̀gbẹ̀yìn láìbo nǹkan kan. Tíìmù tó ti gba World Series ní 1972, 1973, 1974 àti 1989. Ní 2005, Lewis Wolff àti John Fisher ra á ní $180 mílíọ̀nù, tó fi máa di ìparí 2016 ó ti wà lọ́wọ́ Fisher. Àwọn òbí Fisher yìí ló dá ilé aṣọ Gap sílẹ̀, ẹ bá mi rántí ìyẹn tẹ́nì kan bá tún ń sọ fún yín pé owó ò sí. Ní 2021 wọ́n borí ní géèmù 86, ó ku díẹ̀ kí wọ́n wọ playoffs, ìdíje tó ń tẹ̀ lé sáà. Tíìmù tí èèyàn ń fi agbábọ́ọ̀lù méjì kún nìyẹn o. Bob Melvin tó jẹ́ mánéjà, wọ́n jẹ́ kó máa lọ sí San Diego, wọn ò gba kọ́bọ̀ lórí ẹ̀. Láàárín March àti ìbẹ̀rẹ̀ April 2022, bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, Chris Bassitt ti lọ sí Mets, Matt Olson ti lọ sí Atlanta, Matt Chapman ti lọ sí Toronto, Sean Manaea ti tẹ̀ lé Melvin lọ sí San Diego. Frankie Montas bá Yankees lọ ní August, Sean Murphy tó ń mú bọ́ọ̀lù lẹ́yìn bá Atlanta lọ ní December. Lọ́dún 2022 kan náà yẹn ni wọ́n fi owó gọbọi lé tíkẹ́ẹ̀tì sáà.

Atlanta fún Olson ní àdéhùn ọdún mẹ́jọ, $168 mílíọ̀nù, lọ́jọ́ kejì tó débẹ̀. Lọ́jọ́ kejì! Ní 2023 ó gbá home run 54, kò sẹ́ni tó gbá tó o nínú gbogbo líìgì, Oakland ní tiwọn borí ní géèmù 50 lọ́dún yẹn, owó oṣù àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn ló sì kéré jù láàárín gbogbo tíìmù 30. Èèyàn ò wá wò wọ́n mọ́, kí ni wọ́n ń wá wò? Ibi tó ti wá ká mi lára nìyí, torí àwọn tó tú tíìmù palẹ̀ ló wá ń nàka sí àga tó ṣófo pé ẹ ò rí i, ìlú yìí ò fẹ́ bésíbọ́ọ̀lù, Las Vegas la máa lọ. April 2023 ni wọ́n kéde ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ rà lọ́hùn-ún.

Àwọn ará Oakland fún wọn lésì ní June 13. Wọ́n ké síra wọn pé kí gbogbo èèyàn wá kún pápá lọ́jọ́ Tuesday kan tó jẹ́ pé èèyàn díẹ̀ ló máa ń wá, èèyàn 27,759 ló dé, aṣọ àwọ̀ ewé lọ́rùn wọn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láyà ẹ̀, pé kí Fisher tà á. Nígbà tí inning karùn-ún nínú mẹ́sàn-án tí wọ́n ń pín géèmù sí bẹ̀rẹ̀ wọ́n dákẹ́ rọ́rọ́ fún ẹni àkọ́kọ́ tó wá gbá bọ́ọ̀lù, pápá tó kún yẹn dákẹ́, tó ṣe díẹ̀ wọ́n bú sí i lẹ́ẹ̀kan náà, "ta tíìmù yìí, ta tíìmù yìí". Àwọn ọmọ tí wọ́n kó jọ lówó pọ́ọ́kú yẹn sì borí Tampa Bay, 2-1. Ìlú tí ò fẹ́ bésíbọ́ọ̀lù nìyẹn? Nínú ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni ìjọba Nevada, ìpínlẹ̀ tí Las Vegas wà, fọwọ́ sí $380 mílíọ̀nù owó ìlú láti fi bá wọn kọ́ pápá tuntun, nígbà tó di November gbogbo àwọn tó ni tíìmù dìbò pé kí wọ́n máa lọ, ẹnì kan ò takò ó. Ẹnì kan! September 26, 2024 ni wọ́n gbá géèmù ìkẹyìn ní Coliseum, pápá wọn ní Oakland, èèyàn 46,889 ló wá síbẹ̀, wọ́n borí Texas 3-2, Mark Kotsay tó jẹ́ mánéjà gba maikirofóònù ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìlú. Ẹ̀yìn ìyẹn wọ́n kó lọ sí pápá kékeré kan ní West Sacramento.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó dùn mí jù. Géèmù 112 tí wọ́n pàdánù ní 2023 yẹn ò tiẹ̀ fún wọn ní ipò kìíní nínú draft, torí àdéhùn 2022 láàárín àwọn tó ni tíìmù àti ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù ti sọ ipò mẹ́fà àkọ́kọ́ di lọ́tìrì, Cleveland tí àǹfààní ẹ̀ ò ju ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún lọ ló jẹ ẹ́. Oakland mú ẹnì kẹrin, Nick Kurtz. Kurtz sì dáa gan-an ni o, ní 2025 òun ni wọ́n fi jẹ ọmọ tuntun tó ta yọ jù ní American League, àmọ́ Sacramento ló ti ń gbá a. Àwọn tó jókòó nínú òjò ní Oakland ò rí i kó wọ aṣọ tó ní orúkọ ìlú wọn láyà rí.

Àwọn tó fẹ́ràn "àtúnkọ́" á ní ẹ wo Houston. Mo ti wò ó. Wọ́n pàdánù 106, 107, 111 tẹ̀ léra láti 2011 sí 2013, wọ́n gba World Series ní 2017, Chicago Cubs náà pàdánù 101 ní 2012 wọ́n gbà á ní 2016. Méjì yẹn ni gbogbo èèyàn ń rántí. Ẹ wá wo àwọn White Sox tó ta Chris Sale ní December 2016, tí wọ́n ní kí àwọn èèyàn ṣe sùúrù, wọ́n wọ playoffs ní 2020 àti 2021, wọn ò kọjá ìpele àkọ́kọ́ nínú méjèèjì, nígbà tó di 2024 wọ́n pàdánù 121, kò sí tíìmù tó pàdánù tó bẹ́ẹ̀ láyé òde òní. Òfin tuntun tún ní tíìmù tí owó tó ń dá sínú àpò àjọpín bá ju èyí tó ń gbà lọ ò gbọ́dọ̀ jẹ lọ́tìrì lọ́dún méjì léra, White Sox wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti jẹ ẹ́ lọ́dún tó ṣáájú, bí wọ́n ṣe pàdánù 121 tí wọ́n lọ mú ẹnì kẹwàá nìyẹn. Òfin yẹn dáa, mo fara mọ́ ọn, àmọ́ kò fọwọ́ kan owó àjọpín, ibẹ̀ sì ni gbòǹgbò ẹ̀ wà.

Àwọn kan ti ń bi mí bóyá ti Pittsburgh náà jẹ́ àmọ̀ọ́mọ̀gbẹ̀yìn. Ti 2021 àti 2022, ó lè jẹ́, wọ́n pàdánù 101 àti 100. Ti ìsinsìnyí kọ́. Wọ́n ti rí Paul Skenes mú ní 2023, ohun tí ẹni tó ń gbẹ̀yìn ń wá kiri gan-an nìyẹn, ẹni tó gba Cy Young, àmì ẹ̀yẹ ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù dáadáa jù, ní 2025, ERA ẹ̀, ìyẹn iye ayò tí wọ́n ń jẹ lára ẹ̀ ní inning mẹ́sàn-án, 1.97, géèmù tó borí mẹ́wàá, èyí tó pàdánù mẹ́wàá, torí kò sẹ́ni tó ń bá a gbá bọ́ọ̀lù. Àsìkò tó yẹ kí Bob Nutting tó ni tíìmù náà náwó ti dé, ó ti ń kọjá lọ, títí sáà 2025 fi parí wọn ò ná an. Ìyẹn ẹ̀ṣẹ̀ míì ni o, ahun ló ń jẹ́, ẹ má kó o pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ tí mo ṣàlàyé yìí.